Ẹ Bi Wá Léèrè: Bí A Ṣe Lè Mú Ọmọ Lọ Wo Ẹranko Nínú Igbó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. A fẹ́ mú wọn lọ sí Old Oyo National Park fún ọjọ́ kan, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú igbó, kí wọ́n sì fojú ara wọn rí àwọn ẹranko tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ wọn nínú àlọ́. Ìgbà wo ló dára jù, ṣé àbíkẹ́yìn sì lè rìn ín? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kí ẹ tó múra ohunkóhun, ẹ kàn sí ọ́fíìsì ọgbà náà ní ìlú Ọ̀yọ́, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ṣí fún àlejò àti bí ètò ààbò ṣe rí, nítorí àwọn oníṣẹ́ ibi ti sọ ọ̀pọ̀ igbó wa di ibùba. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má tíì wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà fún wọn.

Bí ọ̀nà bá là, oṣù Kejì tàbí Ìkẹta ni mo fara mọ́. Nígbà òjò, koríko ọ̀dàn ibẹ̀ a máa ga ju àgbàlagbà lọ, tó fi jẹ́ pé ẹfọ̀n lè dúró nítòsí kí ẹ má rí i. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná ti jó koríko, odò Ògùn a sì fà títí yóò fi ku ọ̀gọ̀dọ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, níbi tí ìgalà, ìmàdò àti ìjímèrè ti ń wá mumi.

Wákàtí ni ọ̀pọ̀ ìdílé kì í kà sí. Bí ẹ bá gbéra ní Ìbàdàn láàárọ̀, oòrùn yóò ti mú kí ẹ tó dé Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìlú tó wà lẹ́bàá ọgbà náà, ẹranko á sì ti wọ abẹ́ ibòòji lọ. Ẹ lọ sùn sí ìtòsí ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ̀ṣọ́ igbó lè ṣíwájú yín wọlé ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè rìn ín, bí ẹ bá gbà pé agbára tirẹ̀ ni ẹ ó fi díwọ̀n ìrìn gbogbo yín. Ẹ má ṣèlérí kìnnìún fún un. Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹrẹ̀ etí omi: ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n fẹ̀, ó sì rí roboto bíi ti màlúù, ti ìgalà kéré, ó sì ṣẹnu ṣóṣóró. Bí etí ojú ẹsẹ̀ náà kò bá tíì wó, tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀, ẹranko náà kò tíì jìnnà. Ọmọ tó mọ èyí kò ní sọ pé òun kò rí nǹkan kan.

Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ṣùgbọ́n ẹ fi àdìrẹ aláró sílẹ̀ nílé, nítorí eṣinṣin tsetse, èyí tó máa ń jẹni, a máa sáré bá àwọ̀ aró àti dúdú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju búrẹ́dì sí ìnàkí. Èyí tó bá ti mọ́ lára a máa jà á gbà lọ́wọ́ ọmọdé.

Ní ti Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àwọn Aláàfin tó dahoro ní àwọn ọdún 1830, inú ọgbà yìí náà ni àlàpà odi rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 ni ilẹ̀ ọgbà náà, apá àríwá sì ni ìlú náà wà. Ó gba ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, àkọ́bí nìkan ni n óò sì mú lọ síbẹ̀ lọ́dún yìí.