Họ́ọ̀sì Wo Ni Kò Ní Já Wa Kulẹ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́ Fèrèsé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ fífọ fèrèsé ni èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi méjì ń ṣe ní Lẹ́kkì. Inú táńkì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa ni a ti ń fi ẹ̀rọ fa omi dé ìdí ilé. Láàárín ọdún kan péré, họ́ọ̀sì mẹ́ta ló ti là mọ́ wa lọ́wọ́. Irú wo ni kí a rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, a sì bá yín kẹ́dùn owó tó ti bá họ́ọ̀sì lọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ kì í ṣe omi inú rẹ̀, bí kò ṣe oòrùn, wíwọ́ tí ẹ ń wọ́ ọ lórí íńtálọ́ọ̀kì, àti ojú ibi tó bá ti ṣẹ́po.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹnu ibi tí wọ́n ti gé e hàn yín. Èyí tó máa ń tọ́jọ́ ní òwú tí wọ́n hun bí àwọ̀n sáàárín rọ́bà tinú àti tòde. Èyí tí kò ní in, bó ti wù kó nípọn tó, yóò wú bí àpòòtọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ẹnu rẹ̀ tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ wá ṣẹ́ ẹ po díẹ̀: bó bá pẹlẹbẹ lójijì tí ojú ibẹ̀ sì funfun, ẹ má rà á. Ìwọ̀n ìgbóná 20 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà fi ń wọn agbára omi tí họ́ọ̀sì lè gbà, èyí tí wọ́n kọ sí i lára, oòrùn Èkó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, rọ́bà tó bá sì ti gbóná ti rọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, kí agbára tí wọ́n kọ sí họ́ọ̀sì lára tó ìlọ́po méjì agbára tí ẹ̀rọ yín fi ń ti omi.

Ẹ yẹra fún èyí tó mọ́ gaara, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ hù síbẹ̀, á sì máa já lé gíláàsì oníbàárà yín.

Ní ti fífẹ̀, mítà 100 họ́ọ̀sì tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12 ń gba omi lítà 11, ìyẹn kílò 11 tí ọmọṣẹ́ yín yóò máa wọ́ kiri láfikún sí rọ́bà fúnra rẹ̀. Ti mìlímítà 8 ń gba nǹkan bíi lítà 5. Ẹ fi tóóró ṣiṣẹ́ nídìí fèrèsé, kí ẹ sì fi gbòòrò gbé omi láti táńkì sí táńkì, torí omi kì í yára gba inú tóóró.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ ká a ní róbótó síbi tí oòrùn kò dé. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ sórí ìṣó kan ṣoṣo, nítorí ojú ìṣó yẹn gan-an ni yóò ti là.