Èsì: Ṣé orin àtijọ́ gan-an ni Steeleye Span àti Gryphon ń lò?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn àtijọ́ tí a ń gbọ́ nínú orin rọ́ọ̀kì àwọn ẹgbẹ́ olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi Steeleye Span àti Gryphon láàárín ọdún 1970 sí 1979 ti inú orin ayé àtijọ́ wá lóòótọ́, tàbí wọ́n kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ó ti ibẹ̀ wá, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní àrọ́wọ́tó.

Ẹ gbọ́ "Gaudete" tí Steeleye Span kọ. Orin Kérésìmesì ní èdè Látìn ni, ó wà nínú ìwé Piae Cantiones tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1582, síbẹ̀ ó wọ àtẹ orin tó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1973. Kò sí gìtá, kò sí ìlù. Ohùn ẹnu nìkan ni, tó bẹ̀rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni pé àwọn akọrin ń bọ̀ láti òkèèrè, tó sì rọra pòórá bí ìgbà tí wọ́n bá kọjá lọ.

Ti Gryphon tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Richard Harvey àti Brian Gulland tó dá a sílẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Fèrè crumhorn tí wọ́n ń fọn tẹ̀ kọdọrọ nísàlẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Inú ìdérí ni esùsú pẹlẹbẹ méjì tó ń mú un dún wà, ètè afọnfèrè kì í kàn wọ́n, nítorí náà ìwọ̀n kan náà ni ohùn rẹ̀ fi ń kùn bí oyin, kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá oníná.