Wọ́n rí kókó nínú orí mi, wọ́n wá ní kí n máa lọ sílé

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 47 ni mí, aṣọ ni mò ń tà l'Óṣogbo. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú, orí mi gbálẹ̀, wọ́n ní kí n lọ ya orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá kókó kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 2 pàdé. Meningioma ni wọ́n pè é. Dókítà ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kí n padà wá ya àwòrán orí tí wọ́n ń pè ní MRI lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó tán! Látọjọ́ náà ni orí ti ń fọ́ mi, mi ò sì rí oorun sùn. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ti kọjá agbára wọn ni? Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ayé ló ṣe é, ká lọ rí baba kan. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 19, ṣé kí n sọ fún wọn? – Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìpayà. Ẹ̀yin tiẹ̀ ronú sí i: kókó kékeré tí kò yọ yín lẹ́nu, tó jẹ́ ọ̀kadà ló jẹ́ kí wọ́n rí i, ta ló máa torí ìyẹn sáré ṣí agbárí èèyàn? Iṣẹ́ abẹ orí náà ní ewu tiẹ̀. Ṣíṣọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ọ yẹn, ìtọ́jú gidi sì ni. Ara awọ tó bo ọpọlọ ni meningioma ti ń hù, àwa obìnrin la sì ń ní in ju ọkùnrin lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í tètè dàgbà, òmíì ò tiẹ̀ dàgbà mọ́ rárá, àwọn kan wà tí wọ́n gbé e dọ́jọ́ ikú tí wọn ò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín o. Agbárí ò ní àyè tó lè fẹ̀ sí i, torí náà ibi tí kókó bá jókòó sí ṣe pàtàkì gan-an, kékeré tó bá tẹ iṣan tí ojú fi ń ríran lè burú ju ńlá tó wà níbòmíì lọ. Ìdí nìyẹn tí oṣù mẹ́fà yẹn ò fi gbọ́dọ̀ yẹ̀. MRI kì í ṣe owó kékeré, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú sílẹ̀ fún un láti ìsinsìnyí. Fíìmù àti CD tí wọ́n fún yín ńkọ́? Ẹ má jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì o! Èyí tí wọ́n yà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi wo tuntun, bí ẹ bá tiẹ̀ lọ yà á níbòmíì ẹ gbé e dání. Mo ti rí ẹni tó sọ tiẹ̀ nù rí, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ tún sọ fún dókítà tẹ́ ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí olóṣù mẹ́ta. Ìwádìí kan láti ilẹ̀ Faransé tó jáde lọ́dún 2024 rí i pé àwọn tó gbà á ju ọdún kan lọ ń ní irú kókó yìí ju àwọn tí kò gbà á lọ. Iye àwọn tó ń ní in kò pọ̀ náà o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ní kókó nílẹ̀, wọ́n lè bá yín pààrọ̀ ẹ̀.

Orí fífọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún yín, àìsùn àti ìbẹ̀rù ni mo fura sí, àmọ́ ẹ kọ ọjọ́ tó bá fọ́ yín sínú ìwé, kí dókítà rí i. Tó bá jẹ́ pé òun ló ń jí yín láàárọ̀ tẹ́ ẹ sì ń bì, tàbí ojú ń ṣe bàìbàì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ń rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu yín, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà, ọ̀sán ni òru ni, ẹ gba họ́sípítù lọ.

Ti baba yẹn, ẹ gbàdúrà dáadáa, ẹ má ṣá ti gbà kí wọ́n fún yín ní nǹkan mu tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n ọkọ yín pé ayé wo ló wá sọ yín lórí ọ̀kadà kí wọ́n lè tètè rí kókó? 1962 ni Dókítà Látúndé Odeku ti padà wálé láti òkè òkun wá dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH n'Ìbàdàn, àwọn dókítà wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí irú ẹ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ìbejì, wọ́n ti dàgbà, wọ́n á kúkú gbọ́ lẹ́nu ará ilé. Ẹ sì kọ́ wọn pé tí gìrì bá gbé yín lọ́jọ́ kan, kí wọ́n yí yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n má ti ṣíbí bọ̀ yín lẹ́nu, kí wọ́n má da ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo kankan sí yín lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n wá mọ́tò.

Tí wọ́n bá ya èkejì, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ jẹ́ n mọ̀ bóyá ó ṣì wà ní sẹ̀ǹtímítà 2.