Kí ni mo lè ṣe kí àròkọ mi lè dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí?

Ìbéèrè: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí ní yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mo sì ń kọ́. Mo máa ń ka ìwé púpọ̀ kí n tó kọ àròkọ, àròkọ mi kì í sì í kúrú, síbẹ̀ ohun kan náà ni olùkọ́ mi ń kọ sí etí ìwé mi ní gbogbo ìgbà: "O kò dáhùn ìbéèrè." Máàkì mi kò gòkè láti ọdún tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ènìyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè nínú àròkọ, níbo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìdáhùn: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yẹ àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ọ̀lẹ kọ́ ni olùkọ́ rẹ ń pè ọ́. Ẹni tó kàwé gan-an ni àṣìṣe yìí sábà máa ń bá, nítorí ẹrù tó kó jọ pọ̀, ó sì ń wù ú láti sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ kí olùkọ́ lè rí i pé òun ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àròkọ kò béèrè gbogbo ohun tí o mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó ń béèrè ni èrò rẹ lórí ìbéèrè kan pàtó, pẹ̀lú ẹ̀rí tó mú ọ rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a ń pè é ní èdè wa ti là á yé wa: à-rò-kọ, ohun tí a rò kí a tó kọ ọ́. Lójú tèmi, kíkọ ni ìwọ ti ń ṣe, rírò ló kù.

Jẹ́ kí a mú ìbéèrè kan tó bá ẹ̀kọ́ rẹ mu. Ká ní wọ́n bi ọ́ pé: "Báwo ni ikú Franz Ferdinand ti ṣe pàtàkì tó nínú àwọn ohun tó fa Ogun Àgbáyé Kìíní?" Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú yóò rí "Ogun Àgbáyé Kìíní", yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Yóò sọ pé wọ́n yìnbọn pa àrólé ìtẹ́ Austria-Hungary ní Sarajevo ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1914, pé Austria-Hungary kọ ìwé ìkìlọ̀ líle sí Serbia ní ọjọ́ 23 oṣù keje, pé ó kéde ogun lé e lórí ní ọjọ́ 28 oṣù náà, pé Jámánì kéde ogun lórí Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ àti lórí Faransé ní ọjọ́ 3, àti pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ogun náà ní ọjọ́ 4. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìdáhùn kankan níbẹ̀. Wọn kò ní kí o ròyìn bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí o gbé ikú ọkùnrin kan lé orí òṣùwọ̀n, kí o wò ó bóyá ó wúwo tó àwọn ohun mìíràn tó fa ogun. "Ti ṣe pàtàkì tó" ni ọ̀rọ̀ tó gbé ìbéèrè náà ró, òun gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí sì fò kọjá.

Nítorí náà, kí o tó ṣí ìwé kankan, fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí o ṣe. "Ṣàpèjúwe" ń fẹ́ kí o sọ bí nǹkan ṣe rí. "Ṣàlàyé ìdí" ń fẹ́ okùnfà, kò fẹ́ ìtẹ̀léra ọjọ́. "Fi wé" ń fẹ́ kí nǹkan méjèèjì jọ wà nínú ìpínrọ̀ kan náà, kì í ṣe kí o kọ ìdajì ìwé nípa ọ̀kan kí o tó dé orí èkejì. "Jíròrò" ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ, torí ó dà bí ẹni pé kí o máa sọ ọ́ lọ bó ti wù ọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé èrò tó wà nílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí o gbọ́ ti gbogbo wọn, kí o sì dá ẹjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o wo ààlà ìbéèrè: ìgbà wo, ibo, àwọn ta ni.

Iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Kọ ìdáhùn rẹ ní gbólóhùn kan ṣoṣo sí orí ìwé pélébé kan kí o tó kọ ìpínrọ̀ kankan. Fún ìbéèrè tiwa yìí, o lè kọ ọ́ báyìí: "Ikú Franz Ferdinand ló dá ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ti bá ara wọn ṣe ló sọ ìjà orílẹ̀-èdè méjì di ogun gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù." Bi ara rẹ bóyá ènìyàn tó gbọ́n lè jiyàn rẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀, ìròyìn lásán ni o kọ. Èyí ṣeé jiyàn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ ṣa ohun tí o kó jọ: ìgbésí ayé Franz Ferdinand àti ìgbéyàwó rẹ̀ yóò bọ́ sẹ́yìn bó ti wù kí o mọ̀ ọ́n tó, àmọ́ àdéhùn Jámánì, Austria-Hungary àti Ítálì ní ọdún 1882 àti ti Faransé pẹ̀lú Rọ́ṣíà ní ọdún 1894 yóò bọ́ síwájú.

Má ṣe ró gbólóhùn náà mọ́lẹ̀ bí òpó ilé o. Wá ẹ̀rí tó lè bì í ṣubú, kí o sì wá a tọkàntọkàn. Bí àpẹẹrẹ, bó bá jẹ́ pé àdéhùn ló ń fi ipá ti orílẹ̀-èdè wọ ogun, kí ló dé tí Ítálì kò bá Jámánì àti Austria-Hungary jà ní ọdún 1914, tó tún wá lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn ọ̀tá wọn ní ọdún 1915? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà yóò fi Ítálì pamọ́, olùkọ́ yóò sì rántí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n yóò fún Ítálì ní ìpínrọ̀ kan, yóò gbà pé àdéhùn nìkan kò tó, yóò sì tún gbólóhùn rẹ̀ ṣe: àdéhùn ló la ọ̀nà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba kọ̀ọ̀kan ló pinnu láti gba ọ̀nà náà tàbí kí ó má gbà á. Wò ó bí èrò náà ti jinlẹ̀ sí i. Michel de Montaigne, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó fún irú ìwé kíkọ yìí ní orúkọ tí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù ń lò di òní, yan ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìgbìyànjú ní ọdún 1580. Kò sí ohun ìtìjú nínú pé èrò rẹ yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí a ní kí o ṣe gan-an nìyẹn, bí o bá ti lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí o sì tún un kọ kó lè bá ibi tí o parí sí mu.

Ìgbà yìí ni ìlapa èrò àti ìpínrọ̀ tó kàn. Gbólóhùn tó ṣáájú nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé apá kan nínú ìdáhùn rẹ. "Ní ọdún 1894, Faransé àti Rọ́ṣíà ṣe àdéhùn" kò gbé nǹkan kan. "Nítorí àdéhùn tó wà láàárín Faransé àti Rọ́ṣíà, Jámánì kò lè múra láti bá ọ̀kan jà láìro ti èkejì" ti ń jà fún ọ, ọdún 1894 yóò sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lẹ́yìn ẹ̀rí, má kánjú lọ: sọ ohun tí ẹ̀rí náà fi hàn. Ibí ni mo ti máa ń rí àlàfo jù lọ, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fa ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kan yọ ní ìlà mẹ́fà, tí yóò sì fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ìlà kan tí o ṣàlàyé dáadáa sàn ju mẹ́fà lọ. Bí o bá sì ń kọ àkọsílẹ̀ nígbà tí o ń kàwé, fi àmì àyọlò sí ọ̀rọ̀ oníwèé lójú ẹsẹ̀, kí o kọ ojú ewé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a mú pé ó jí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni kò mọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwé mọ́.

Kọ ìfáàrà rẹ kẹ́yìn, má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ènìyàn ti ń jagun." Sọ ohun tó fa àríyànjiyàn, kí o sì gbé gbólóhùn ìdáhùn rẹ kalẹ̀. Ìkádìí kò gbọdọ̀ ju bí ìfáàrà ti gùn lọ.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bí wọ́n bá fún ọ ní ìṣẹ́jú 60, ná mẹ́wàá lórí ìbéèrè, gbólóhùn ìdáhùn àti ìlapa èrò, kí o sì fi márùn-ún tó kẹ́yìn ka ohun tí o kọ. Mo mọ̀ pé ọkàn ẹni kì í balẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ń kọ̀wé kíkan-kíkan, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni yóò pinnu ohun tí ìyókù yóò jẹ́.

O béèrè ibi tí ìwọ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mú àròkọ tí o kọ kẹ́yìn, kí o sì fi ìlà kan ṣoṣo kọ ohun tí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka àwọn ìlà wọ̀nyẹn sókè lẹ́yìn ìbéèrè náà, bí ẹni pé ìwọ àti olùbéèrè jọ ń sọ̀rọ̀. Ìpínrọ̀ tí kò bá fèsì, yọ ọ́ tàbí kí o tún orí rẹ̀ kọ. Bó bá sì jẹ́ pé o lè pààrọ̀ ipò ìpínrọ̀ kẹta àti ìkarùn-ún láìsí ohun tó bàjẹ́, àkójọ ni o kọ, kò tíì di àròkọ. Gbé gbólóhùn ìdáhùn tuntun tí o bá rí lọ bá olùkọ́ rẹ kí o tó tún kọ ọ̀kan mìíràn, kí o sì bi í bóyá ohun tí òun ń béèrè nìyẹn.