Aṣọ aláró láti Japan ń kun ẹ̀wù funfun: ṣé iyọ̀ àti fínígà máa dá a dúró?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìborùn olówùú kan tí wọ́n fi aró rẹ ní Tokushima, nílẹ̀ Japan, àti yukata kan (ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Japan ń wọ̀ nígbà ooru) láti Arimatsu, ní Japan kan náà, tí wọ́n so bí àdìrẹ oníko. Ìborùn yẹn ń kun kọ́là ẹ̀wù funfun mi. Nígbà tí mo rẹ ẹ́ sómi, omi náà dúdú kọjá bẹ́ẹ̀, ibi tó funfun lára rẹ̀ sì wá dà bíi pé wọ́n da tíì sí i. Àǹtí mi ní kí n rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ àti fínígà mọ́jú. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sì jẹ́ kí iyọ̀ jókòó sí ilé ìdáná. Àǹtí yín kò purọ́. Àwọn àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí nígbà tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ. Aró kò sí lára wọn.

Aró tó ti dúdú kì í yòrò nínú omi. Kó tó lè wọ aṣọ, aláró ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó ń yòrò. Ewé tí wọ́n ń pè ní tade ni wọ́n ń lò ní Tokushima. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á máa yí i fún nǹkan bí 100 ọjọ́ títí yóò fi jẹrà di sukumo, tó rí bí ilẹ̀dú. Sukumo yìí ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò pẹ̀lú omi eérú àti èèrí àlìkámà. Bó bá ti kan dáadáa, aṣọ tí wọ́n bá yọ níbẹ̀ á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ ewé, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, á sì dúdú lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò èlú l'Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo rí mọ ohun tí mò ń wí. Ewé tiwa yàtọ̀ sí tiwọn, àmọ́ aró kan náà ló ń ti inú méjèèjì jáde.

Atẹ́gùn yẹn ló há aró mọ́ inú fọ́nrán òwú. Èyí tí kò ráyè wọlé á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òwú bí ẹfun ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri, òun gan-an ló sì ń kun kọ́là yín. Iyọ̀ kò lè tì í wọlé. Fínígà kàn lè pa omi eérú tó ṣẹ́kù ni. Kí ẹ fọ aró òkè yìí kúrò ló kù.

Ẹ bu omi lítà 10 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí 30°C. Ẹ tẹ ìborùn náà rì, kí ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má rún un, ẹ má sì fún un. Ẹ da omi nù kíá, ẹ bu òmíràn, torí aró tó ń léfòó nínú omi á padà lọ jókòó sórí ibi tó funfun bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ́. Ó sábà máa ń gbà tó ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún kí omi tó fúyẹ́. Ẹ má retí kó mọ́ gaara, kò ní í mọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ fi ọṣẹ olómi tí kò le sí i, ṣíbí ìpotíì kan sí omi lítà 5. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Eérú ló wà nínú rẹ̀, ó le jù fún un. Ẹ fi wẹ̀, ẹ má fi fọ aṣọ yìí. Blíìṣì ló burú jù: ńṣe ló ń fọ́ aró sí wẹ́wẹ́, á wá pọ́n bí ìyeyè, kò sì sí ọ̀nà àtúnṣe.

Ibi tó dà bíi tíì yẹn kì í ṣe aró. Omi eérú àti ìdọ̀tí ewé tó ṣẹ́kù nínú aṣọ ni. Bí aró òkè bá ti lọ, ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi 40°C fún ìṣẹ́jú 20 péré, láìfi ọṣẹ sí i. Omi á pọ́n, ẹ ó sì rí i. Bó bá tún yọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ tún un ṣe.

Kí ẹ tó tún dá a bora, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù díẹ̀ fi ra igun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá ṣì kun áńkáṣíìfù náà gan-an, ẹ tún un ṣan. Ní ti kọ́là, ọṣẹ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sábà máa ń mú un kúrò. Bí ẹ̀wù náà bá jẹ́ òwú funfun lásán, blíìṣì tí ẹ po mọ́ omi á pa èyí tó kù, torí ohun tó ń ba aṣọ aláró jẹ́ náà ló ń tún ẹ̀wù funfun ṣe. Kò gbọ́dọ̀ kan sílíìkì tàbí irun àgùntàn o.

Ti yukata gba sùúrù. Okùn tí wọ́n fi so ó ló fi àwọn gegele kéékèèké sára rẹ̀, áyọ́ọ̀nù á sì tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. Bó bá rún, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù tó ń tú ooru omi jáde sókè díẹ̀ kó má kan aṣọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ nà án. Bó bá jẹ́ sílíìkì, ẹ má fọ̀ ọ́ fúnra yín.

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá méjèèjì sí, kí inú wọn wà níta, kí ibi tó dúdú má sì lẹ̀ mọ́ ibi tó funfun nígbà tí wọ́n ṣì tutù. Ẹ fi aṣọ funfun wé wọn sínú àpótí, kì í ṣe ọ̀rá. Ojú ibi tí a bá ká aṣọ sí ló ń kọ́kọ́ ṣá, nítorí náà ẹ máa yí i ká lọ́nà mìíràn lóṣù mẹ́ta mẹ́ta.