Bí ẹnì kan bá gbá mi lọ́rùn ọwọ́ mú, báwo ni mo ṣe lè bọ́? Ṣé ó yẹ kí n kọ́ júdò?

Ibi tí àtàǹpàkò ẹni náà ti pàdé àwọn ìka rẹ̀ yòókù ni kẹ́ ẹ wò. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tó dì yín mú ti rọ̀ jù. Ẹ yí ọrùn ọwọ́ yín kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tín-ín-rín kọjú sí àlàfo yẹn, ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀, ẹ ká ìgúnpá, kẹ́ ẹ wá já a gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fà á sẹ́yìn tààrà o, ìka mẹ́rin lẹ ó máa bá jà nìyẹn. Tó bá ti bọ́, ẹ sá, kẹ́ ẹ sì ké.

Ẹ kọ́ júdò, ó dára gan-an. Kano Jigoro ló dá a sílẹ̀ ní Jàpáánì lọ́dún 1882. Bíi ti ìjàkadì wa, ẹni tí kò fẹ́ ṣubú lóòótọ́ lẹ ó máa bá wọ̀yá ìjà, á sì mọ́ yín lára kí wọ́n dì yín mú kẹ́ ẹ má jáyà. Wọ́n á tètè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣubú: ẹ tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, kí orí má baà gbálẹ̀. Èyí nìkan wúlò fún mi ju ẹ̀ṣẹ́ lọ.

Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ ló yọ nítorí fóònù, ẹ gbé fóònù fún un.