Màmá ń dúró de ọtí: iṣan kékeré ẹ̀yìn ọkàn àti AF

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èlùbọ́ ni màmá mi ń tà ní Tákì, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ti pé ọdún 67. Lóṣù tó kọjá, dókítà ṣe ECG fún wọn, ó ní ọkàn wọn ń lù ségesège, pé AF ni, ó sì kọ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà wá ní iṣan kékeré kan ló ń fà á, pé tí wọ́n bá ti fa ọtí sínú rẹ̀, ó parí. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti pa oògùn tì, wọ́n ní àwọn ń dúró de ọtí. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ ìyá elélùbọ́.

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí màmá padà sídìí oògùn wọn lónìí ná. Kí wọ́n lo ìwọ̀n tí dókítà kọ, kí wọ́n má ṣe lò ó ní ìlọ́po láti fi dí èyí tí wọ́n ti fò.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Iṣan náà wà. John Marshall, oníṣẹ́ abẹ ará Ìlú Ọba, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1850, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà tí a wà nínú oyún, iṣan ńlá méjì ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ apá òkè ara padà sínú ọkàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Tòsì máa ń súnkì kí wọ́n tó bí wa. Ohun tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ni iṣan tín-ín-rín yìí, lẹ́yìn yàrá òkè apá òsì ọkàn, tòun ti fọ́nrán ẹran ọkàn tó rọ̀ mọ́ ọn. Fọ́nrán yẹn ló lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù ló ń darí, omele ń tẹ̀ lé e. Ìyáàlù ọkàn wà ní yàrá òkè apá ọ̀tún, 60 sí 100 ló ń lù ní ìṣẹ́jú kan tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Tí AF bá dé, omele gbogbo á sọ ara wọn di ìyáàlù. Yàrá òkè kò ní lù mọ́, gbígbọ̀n ni á máa gbọ̀n, ó lè ju 300 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Lọ́dún 1998, Michel Haïssaguerre àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bordeaux, ní Faransé, wá orísun rúkèrúdò yìí lára èèyàn 45. Nínú àwọn ibi tí wọ́n rí, 94 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, tí wọ́n bá fẹ́ fi iná jó ẹran ọkàn tó ń dá AF sílẹ̀, ẹnu àwọn iṣan yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń jó yí ká. Iṣan Marshall jẹ́ alábàápín, pàápàá lára ẹni tí AF rẹ̀ ti di àìkúrò. Iná tí wọ́n ń jó láti inú ọkàn kì í sábà ràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí ẹ̀yìn ìta ló wà. Ni wọ́n ṣe ń ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ débẹ̀, tí wọ́n á sì fa ethanol, ìyẹn ọtí tí àbúrò yín ń sọ, díẹ̀ sí i láti pa ẹran tó yí i ká. (Kì í ṣe ọtí mímu o. Ẹmu àti ògógóró ń ru AF sókè ni.)

Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní VENUS, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, lo èèyàn 343 tí AF wọn kò kúrò. Nínú àwọn tí wọ́n fi ethanol kún jíjó fún, 49.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni AF kò padà sí lára lẹ́yìn iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn tí wọ́n jó nìkan, 38. Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ka iye yẹn sí àbúrò yín létí, kó tó tún sọ fún màmá pé “ó parí”.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé nínú yàrá tó ń gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ máa ń dúró gọ̀ọ́ nínú àpò kékeré kan lápá òsì, á sì dì. Tí ó bá já lọ sínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. AF máa ń sọ ewu rẹ̀ di bí ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti jó ọkàn wọn gan-an ṣì ń lo oògùn yìí lọ. Ẹ má fi aspirin rọ́pò rẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru, gẹ̀gẹ̀ àti ilẹ̀kùn inú ọkàn. Tí ilẹ̀kùn apá òsì bá ti há látàrí ibà ọmọdé tó ń mú oríkèé wú, warfarin, oògùn àtijọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni a ń lò, kì í ṣe àwọn oògùn tuntun. Ẹni tó bá ń lo warfarin gbọ́dọ̀ máa ṣe àyẹ̀wò INR, tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì hàn, kó wà láàárín 2 sí 3 fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò ní kó má jẹ ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, kó ṣáà jẹ́ ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àgbo ńkọ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Tí ẹnu màmá bá yẹ̀, tí ọwọ́ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu wọn, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà tó bá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà náà, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ oògùn tó wà lára páálí náà ránṣẹ́ sí mi.